Tí awọ ojú bá ti jinná lẹ́yìn rédíéṣọ̀n, ṣé abẹ́ ẹ̀ náà ti jinná?

"Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti parí rédíéṣọ̀n, ojú mi ti jinná, kò dùn mí mọ́, kí ló wá kù tí mi ò fi ní lọ gba filler bíi tàwọn yòókù?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ti bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, tí wọ́n fi rédíéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ, tọ́jú, ó sì yé mi dáadáa. Filler yìí ni nǹkan tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún sábẹ́ awọ kí ibi tó ti jìn lójú lè kún. Àìsàn ti fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé, èèyàn á dúró níwájú dígí á máa wá ara ẹ̀ níbẹ̀, kò rí i. Kò sẹ́ni tó yẹ kó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí pé ó ń wá ẹwà. "Ojú mi ti jinná" yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, torí awọ òkè nìkan ló ń jẹ́rìí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan tí rédíéṣọ̀n ń ṣe. Ti jẹjẹrẹ ẹnu tàbí ọ̀fun sábà máa ń tó 70 Gy lápapọ̀, Gy yìí ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán bá a ṣe ń fi kílò wọn ẹrù, 2 Gy lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ 7. Láàárín àsìkò yẹn awọ á pọ́n tàbí kó dúdú, á máa bó, á máa ta èèyàn bí iná, ìyẹn ni gbogbo ayé ń rí, òun náà ló sì ń lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí. Ìyà kejì kì í pariwo. Ó lè tó oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè máa bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á máa nípọn, ihò wọn á máa fún, àwọn míì á dí pátápátá, ẹran abẹ́ awọ á sì máa le bí ojú àpá. Ẹni tó ń ka ọdún pé bó ṣe ń pẹ́ ló ń sàn, àfàìmọ̀ kí abẹ́ awọ ẹ̀ má le lọ́dún kẹfà ju bó ṣe rí lọ́dún kìíní lọ.

Àwọn dókítà eyín ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1983, Robert Marx, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ibi tí ìtànṣán bá kọjá máa ń ní ìṣòro mẹ́ta, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á dín kù, ọ́síjìn ò ní tó o, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa tún un ṣe á dín kù náà. Torí ẹ̀ ni dókítà eyín tó mọṣẹ́ fi máa ń bèèrè kó tó yọ eyín kan ṣoṣo bóyá ẹ ti gba rédíéṣọ̀n sí àgbọ̀n rí, ì báà ti tó ogún ọdún, torí ojú ibi tí eyín ti kúrò lè kọ̀ kó má dí, kí eegun ibẹ̀ sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá ń bẹ̀rù nítorí eyín kan, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn náà bẹ̀rù.

Filler tó wọ́pọ̀ jù ni ti hyaluronic acid, jẹ́lì kan tí irú ẹ̀ ti wà nínú awọ wa tẹ́lẹ̀. Jàǹbá tó burú jù níbẹ̀ ni kó wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí kó tẹ̀ ẹ́ pa. Ní 2015, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe ìkìlọ̀ lórí ẹ̀ pé awọ lè kú, ojú lè fọ́, rọpárọsẹ̀ pàápàá lè dé. Kì í ṣe nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ o, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ojú tí rédíéṣọ̀n ò kàn rí gan-an lè rí irú jàǹbá yẹn, bẹ́ẹ̀ ojú yẹn ní iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ tó so kọ́ra, tí ọ̀kan bá dí, ẹ̀jẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Lójú tí ìtànṣán ti kọjá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ yẹn lè ti dí tẹ́lẹ̀, ìwọ̀nba tó kù ni gbogbo ibẹ̀ fi ń mí, jẹ́lì bíńtín tí kò ní ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan lè tẹ ìwọ̀nba yẹn pa. Tí awọ bá sì kú níbẹ̀, egbò ẹ̀ kì í ṣe egbò tó ń tètè jinná.

Àmì pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ti dí ńkọ́? Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ èékánná yín kó funfun, kẹ́ ẹ wá jọ̀wọ́ ẹ̀, ẹ wo bí àwọ̀ ẹ̀ ṣe máa padà kẹ́ ẹ tó ka ení, èjì. Bí ẹni tó ń fún yín ní filler ṣe gbọ́dọ̀ máa tẹ awọ wò nìyẹn, tí àwọ̀ bá ń falẹ̀ kó tó padà, tí ibẹ̀ bá di funfun tàbí tó ń ya bí àwọ̀n, kó dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lára awọ dúdú ó ṣòro láti rí, ó gba ojú tó mọ nǹkan tó ń wá. Ìrora tún jẹ́ àmì ńlá, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ibi tí wọ́n ti fún èèyàn ní rédíéṣọ̀n tàbí ṣiṣẹ́ abẹ fún un lè ti kú tipiri, kò ní mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀pọ̀ filler sì tún ní oògùn apàrora nínú. "Kò dùn mí" tí ẹ fi ń fọkàn balẹ̀ yẹn lè jẹ́ pé ibi tó yẹ kó dùn yín ni kò lè dùn yín mọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ ni ibi tí wọ́n darí ìtànṣán sí. Ẹni tí wọ́n fún ní rédíéṣọ̀n sí ọyàn tàbí sí próstéètì, ojú ẹ̀ kò sí níbẹ̀, tó bá gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ ìyẹn ló yẹ kó bá dókítà ẹ̀ sọ, bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti padà bọ̀ sípò tàbí kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún sí ọpọlọ, ó lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kan òun, bẹ́ẹ̀ ìtànṣán lè gba ẹ̀bátí wọlé, ẹ̀bátí yẹn náà sì lèèyàn máa ń fẹ́ kún. Ẹ ní kí ilé ìwòsàn tó tọ́jú yín fún yín ní àkọsílẹ̀ ibi tí ìtànṣán kàn àti iye ẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹni tó bá fẹ́ gún yín láì bèèrè ẹ̀, ẹ dìde níbẹ̀.

Àwọn kan wà lódìkejì tó ń sọ pé ìtànṣán ṣì wà nínú ara, á yọ́ filler, tàbí pé filler á jí jẹjẹrẹ padà. Ẹ̀rọ tó ń yin ìtànṣán láti ìta kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú yín, kò sì sí ẹ̀rí pé hyaluronic acid tí wọ́n gún sójú ń jí jẹjẹrẹ.

Mi ò wá sọ pé ẹ má ṣe é láéláé. Àwọn dókítà ti fi filler tún ojú ṣe fún àwọn tó gba rédíéṣọ̀n, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá dókítà jẹjẹrẹ sọ̀rọ̀. Àwọn míì máa ń fa ọ̀rá láti ikùn ẹni náà fúnra ẹ̀ wá síbẹ̀, ọ̀rá yẹn sì lè mú kí ẹran tó le dẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ filler ni, ti hyaluronic acid nìkan ni mo lè fọkàn tán, torí oògùn kan wà, hyaluronidase, tó ń tú u ká tí wàhálà bá dé, ó sì gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì kí abẹ́rẹ́ tó kan awọ. Oògùn yẹn ò ran filler tí wọ́n fi kálṣíọ̀mù ṣe, kò ran ti sílíkóònù rárá. Sílíkóònù tó bá dàrú, ọ̀bẹ ló ń yọ ọ́, ara tí kì í tètè jinná yẹn kan náà ni wọ́n sì máa là.

Ẹ kọ orúkọ filler náà, ọjọ́ tí wọ́n gún un àti ibi tí wọ́n gún un sí sínú fóònù yín, kẹ́ ẹ fi han ẹni tó ń ṣe skáànù kó tó bẹ̀rẹ̀, torí filler kálṣíọ̀mù máa ń hàn funfun lórí skáànù tí wọ́n ń pè ní CT, filler sì lè tàn lórí PET, skáànù tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ, bíi pé jẹjẹrẹ ti padà dé. Tí kókó tuntun bá wá yọ lójú tàbí lọ́rùn, ẹ má dá a pè ní filler, ẹ má sì gbà kí ẹni tó gún un yín dá a pè bẹ́ẹ̀. Dókítà jẹjẹrẹ yín ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.