Ìgèrè Abẹ́ Awọ: Ohun tí Búrọ́ọ̀ṣì Gbígbẹ Ń Ṣe Lára

Tí ọyẹ́ bá dé sí ilẹ̀ Okun, láti Kàbà dé Ìsánlú, ọmọdé kò wá síléètì lọ síbì kan. Ojúgun ni pátákó, èékánná ni gègé. Wọ́n á kọ orúkọ síbẹ̀, wọ́n á ya mọ́tò, funfun á hàn báláú lórí dúdú, títí ìyá wọn á fi pariwo pé kí wọ́n lọ fi òrí para. Ìlà funfun yẹn gan-an ni òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, ìyẹn kí èèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ara kó tó wẹ̀. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ ló mú un kọjá ibẹ̀, tí wọ́n ní ó ń lé májèlé jáde kúrò lára, ó sì ń mú ọ̀rá itan kúrò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò gba àlàyé púpọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ le díẹ̀, tó ní ọwọ́ gígùn kó lè dé ẹ̀yìn. Ara gbígbẹ, kí omi tó kàn án. Láti ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá a bọ̀ lókè síhà ọkàn, fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n tó wẹ̀ kí wọ́n sì para. Àwọn ará Íńdíà ti ní irú tiwọn tipẹ́, ìbọ̀wọ́ sílíkì ni wọ́n ń lò. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Awọ tí ojú ń rí kì í ṣe ohun alààyè. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni, tí wọ́n tò lé ara wọn ní nǹkan bíi ipele 15 sí 20, bíi koríko tí wọ́n fi bo òrùlé. Tuntun ń ti abẹ́ wá, ti òkè ń bọ́ dànù. Sẹ́ẹ̀lì kan máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́nu ìrìn náà lára ọ̀dọ́, ti àgbàlagbà ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń bọ́ fúnra wọn láìsí ẹni tó rí wọn. Ọyẹ́ ló ń tú àṣírí wọn: afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fa omi inú wọn mu, etí wọn á ká sókè, afẹ́fẹ́ á wọ àárín, awọ dúdú á wá dà bíi pé wọ́n kù eérú sí i. Búrọ́ọ̀ṣì ń gbá àwọn tí etí wọn ti ká yẹn kúrò. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń jọ̀lọ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí òrí fi ń tẹ́ dáadáa. Ooru àti ìtara tí èèyàn ń gbọ́ lára jẹ́ òótọ́ pẹ̀lú, ẹ̀jẹ̀ ló sáré wá sójú awọ.

Lẹ́búlẹ́bú tó ń dà sílẹ̀ ńkọ́, èyí tí wọ́n ń yà sí fídíò, tí wọ́n ní ká wá wo ìdọ̀tí inú ara? Awọ ni. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ló ń dà sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń bíni nínú ni ti májèlé. Wọ́n ní búrọ́ọ̀ṣì ń ti líńfù lọ, ìyẹn omi kan tó ní iṣan tirẹ̀ nínú ara, yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀, pé líńfù á sì kó májèlé jáde kúrò lára. Ó dùn ún gbọ́, torí líńfù wà lóòótọ́, ó sì ń kó nǹkan. Ẹni tó bá mọ ibi tó ń kó o lọ ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ ń jò. Kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn: omi ń yọ́ jáde lára rẹ̀ lọ fún ẹran ara ní oúnjẹ. Èyí tó pọ̀ jù ń padà sínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ nǹkan bíi lítà 3 lóòjọ́ ló ń ṣẹ́ kù sáàárín ẹran. Bí kò bá sí ẹni tó ń kó o, ẹsẹ̀ á wú bí àpò gàrí. Líńfù ló ń kó o, kò sì ní ọkàn tó ń fún un lágbára bíi ti ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó bá mọ àwọn apẹja Odò Ọya níhà Lọ́kọ́jà á mọ ìgèrè. Wọ́n hun ún gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kejì wà nínú ẹnu àkọ́kọ́, ṣónṣó rẹ̀ kọjú sínú. Ẹja á wọlé wẹ́rẹ́; tó bá yíjú padà, ṣónṣó ọpá ni yóò bá. Ẹnu iṣan líńfù tó kéré jù lọ rí bẹ́ẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kan gun èkejì létí, wọ́n di ilẹ̀kùn tí kì í ṣí síta. Tiwọn tún lé ti ìgèrè ní ohun kan. Okùn tín-ín-rín wà lára ilẹ̀kùn náà, tí wọ́n so mọ́ ẹran tó yí i ká. Bí omi bá pọ̀, ẹran á wú. Bí ẹran bá wú, á fa okùn. Bí okùn bá fà, ilẹ̀kùn á ṣí. Ìkún omi fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún omi!

Ká ní apẹja lè so ìgèrè mọ́ bèbè odò bẹ́ẹ̀, kí odò máa kún kí ẹnu rẹ̀ máa ṣí, kí ìgèrè kan sì máa tú ẹja sínú èyí tó wà níwájú rẹ̀, kí ìyẹn tú u sí òmíràn, ẹja ì bá gun òkè odò láti Lọ́kọ́jà dé Jẹ́bà, ìyàwó apẹja ì bá ti tà á tán kí ọkọ rẹ̀ tó jí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn iṣan ńlá ṣe ń ṣe é. Ilẹ̀kùn wà nínú wọn ní ẹsẹẹsẹ, ara iṣan náà ń fún ara rẹ̀, èémí tí à ń mí ń fà á, ẹran ẹ̀yìn ojúgun sì ń tẹ̀ ẹ́ nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ bá gbé. Ìyá tó fẹsẹ̀ rin oko lọ, tó sì rìn ín bọ̀, ti ti líńfù ju ohun tí búrọ́ọ̀ṣì kankan lè tì lọ.

Àwọn àgbà mọ ọ̀nà yìí láìkà á níbì kan. Bí kókó bá yọ lábẹ́ itan ọmọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n á sì bá ibi tí ẹ̀gún ti gún un tó ti ń kẹ̀. Kókó yẹn ni ibodè líńfù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá kòkòrò àìsàn dúró.

Níbo wá ni ìgèrè tó kẹ́yìn ń tú u sí? Inú ẹ̀jẹ̀ ni, nínú iṣan ńlá tó wà lẹ́bàá ọrùn. Kò sí ojú ihò kankan tí líńfù gbà jáde sí ìta awọ. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá tiẹ̀ tì í lọ, inú ara ló ṣì tì í sí, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni yóò sì gba ẹjọ́ náà. Nǹkan bíi lítà 180 omi inú ẹ̀jẹ̀ ni kíndìnrín ń sẹ́ ní àsẹ́túnsẹ́ lóòjọ́, láìgba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ darí líńfù lóòótọ́. Emil Vodder, ará Dẹ́nmáàkì, àti Estrid ìyàwó rẹ̀ ló dá ọgbọ́n náà sílẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1939. Àwọn tó ń wú lápá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún. Ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n kàn ń na awọ díẹ̀díẹ̀, torí okùn ara ilẹ̀kùn yẹn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń ha ara gàràgàrà kò bá okùn kankan sọ̀rọ̀. Ti ọ̀rá tó ń mú itan rí wúrúwúrú, tí wọ́n ní búrọ́ọ̀ṣì ń mú kúrò, abẹ́ awọ ló wà, búrọ́ọ̀ṣì kò débẹ̀.

Èyí tó kù, ìyẹn gbígbá òkú awọ kúrò, kànrìnkàn ti ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́, pẹ̀lú omi àti ọṣẹ dúdú, tí sẹ́ẹ̀lì òkú á ti rọ̀ kó tó bọ́. Ohun tó sàn jù nìyẹn lójú ọyẹ́, nítorí awọ tó ti ń sán tẹ́lẹ̀ kò yẹ ní ohun tí irun líle ń gbá ní gbígbẹ. Ibi tó bá ní ọgbẹ́ tàbí làpálàpá, kí nǹkan kan má kàn án.

Awọ dúdú sì tún ní ìwà kan. Bí wọ́n bá ń ha á lójoojúmọ́ níbi tí egungun ti sún mọ́ òkè, ní èjìká, ní ìgbáàyà òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó lè ṣú ju ìyókù lọ. Ẹni tó ni ín á wo dígí, á rí ibi tó ṣú, á ní ìdọ̀tí ti há síbẹ̀, á sì tún na ọwọ́ mú búrọ́ọ̀ṣì.