Kí Ọdẹ Tó Ra Bàtà: Ọ̀rọ̀ Láti Ẹnu Aránbàtà

Àwọn ọdẹ tó ń gbé bàtà wá sí ìsọ̀ mi ní Òkè-Ògùn kì í sábà ráhùn pé awọ rẹ̀ ya. Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé sóólù ṣí kalẹ̀ nígbà tí ilé ti jìnnà, tàbí pé èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti dúdú, ó sì fẹ́ bọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dé ọjà, awọ náà ni wọ́n ń fọwọ́ pa. Wọ́n á gbé bàtà sókè, wọ́n á wo bó ṣe ń dán, wọ́n á béèrè iye rẹ̀, ó di kí wọ́n máa ná an. Ẹ yí i dojú dé ná. Abẹ́ bàtà ni owó yín ń lọ, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ojú yín kọ́kọ́ lọ.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín kì í ṣe ilẹ̀ tí bàtà kan lè fojú di. Láti Adó-Àwáyè títí dé Ìgbẹ́tì àti Kíṣí, àpáta ni, yangí ni, pápá ni. Àpáta tí òjò ti fọ̀ dán máa ń yọ̀. Yangí wẹ́wẹ́ a máa yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni pápá tí wọ́n ti dáná sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kùkùté kéékèèké tí iná jẹ kù máa ń le, ẹnu wọn á mú ṣóṣó, eérú á sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yinná bá ṣì wà lábẹ́ eérú náà, yóò yọ́ sóólù fóòmù kí ẹ tó mọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ Old Oyo National Park, níbi tí òfin kò ti gba ọdẹ láyè, irú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń rìn, ohun tí mo sì ń sọ fún ọdẹ náà ni mò ń sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú bàtà òjò kúrò nílẹ̀ ná, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù lẹ́sẹ̀ ọdẹ. N kò bú u. Kò wọ́n, ó ga dé abẹ́ orúnkún, ẹ lè fi omi ṣàn án kí ẹ sì wọ̀ ọ́ padà. Fún ẹrẹ̀ àti ẹ̀bá odò, ó dára. Àmọ́ kò di ẹsẹ̀ mú. Bí ẹ bá ń gun òkè, gìgísẹ̀ á máa yọ sókè nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ìka á máa forí sọ iwájú. Òógùn kò rí ibi gbà jáde, ìbọ̀sẹ̀ á tutù, ẹsẹ̀ á sì léròrò. Ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ tún ń lu ojúgun gbà, gbà, gbà. Ẹtu á ti gbọ́ yín kí ẹ tó rí i. Fún òkè, bàtà olókùn ni kí ẹ wá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni sóólù fi ń mọ́ ara bàtà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Èkejì ni kí wọ́n da sóólù nígbà tó ṣì rọ̀, kó gan mọ́ ara bàtà. Ọ̀pọ̀ bàtà àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni rírán: wọ́n á rán awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí etí bàtà ká, wọ́n á wá rán sóólù mọ́ awọ náà. Goodyear welt ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tó ń rán an sì ti wà láti nǹkan bí ọdún 1870. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí bí sóólù bá jẹ tán, mo lè tú òwú rẹ̀ kí n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láì fọwọ́ kan ara bàtà. Ó wúwo díẹ̀ ju èyí tí wọ́n lẹ̀ lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rọ̀.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń ní kí n rán sóólù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ yíká kí wọ́n tó gbé e wọ igbó. Bó bá jẹ́ rọ́bà gidi, mo máa ń ṣe é, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ fóòmù, n kì í gbà. Òòlu yóò lu ihò tò tẹ̀ lé ara wọn lára fóòmù, ojú ihò yẹn gan-an ni yóò sì ti ya. Bákan náà ni bàtà tí wọ́n fi aṣọ Gore-Tex sínú rẹ̀ kí omi má bàa wọlé: bí abẹ́rẹ́ bá ti kọjá lára aṣọ náà, omi ti rọ́nà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fóòmù yìí ló yẹ kí n dúró lé lórí, torí ọ̀pọ̀ owó ọdẹ ló ń gbabẹ̀ ṣòfò. Èyí tí wọ́n ń pè ní polyurethane, tí wọ́n sábà máa ń kọ PU sí lábẹ́ bàtà, fúyẹ́, ó sì tù ẹsẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ láti inú wá, ẹ wọ̀ ọ́ o, ẹ kò wọ̀ ọ́ o. Ooru tún ń mú kó yá. Bàtà lè wà nínú páálí fún ọdún mẹ́fà tàbí méje, kí awọ rẹ̀ ṣì máa dán, kí okùn rẹ̀ ṣì funfun. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e gun òkè, sóólù á rún wẹ́wẹ́ bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni sà sí i. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló pé.

Bàtà tòkunbọ̀ ló ń fi èyí mú wa jù, nítorí a kò mọ iye ọdún tó ti lò ní ìlú òyìnbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Mo máa ń wo abẹ́ bàtà bóyá mo lè rí àmì róbótó kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn, tó ní nọ́ńbà 1 sí 12 yíká, ọfà àti nọ́ńbà méjì láàárín. Oṣù ni ọfà ń tọ́ka sí, nọ́ńbà àárín sì ni ọdún: bí ẹ bá rí 17, ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Kì í ṣe gbogbo bàtà ló ní in. Níbi tí kò bá sí, mo máa ń fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ fóòmù náà gan-an. Bó bá padà bọ̀ sípò, ó dára. Bó bá rún, tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, tàbí tí ìlà fínífíní bá yọ lára rẹ̀ nígbà tí mo tẹ bàtà kó lápá méjì, mo máa ń dá a padà sórí òkìtì. Bí ẹni tó ń tà á bá bínú pé ẹ̀ ń ba ọjà òun jẹ́, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Rọ́bà ni kí ẹ wá fún ojú sóólù tó ń kan ilẹ̀, kó sì ní eyín jíjìn. Eyín wọ̀nyí ní ìtàn. Ní ọdún 1935, ọkùnrin ará Ítálì kan, Vitale Bramani, pàdánù mẹ́fà nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí òkè Alps, ó sì gbà pé bàtà tí wọ́n wọ̀ wà lára ohun tó fà á. Nígbà tó fi máa di 1937, ó ti ṣe sóólù rọ́bà eléyín tí gbogbo ayé ń fara wé títí dòní. Vibram ni orúkọ rẹ̀, àmì aláwọ̀ yẹ́lò sì sábà máa ń wà láàárín sóólù náà. Ayédèrú rẹ̀ wà lóríṣiríṣi, nítorí náà ẹ má fi àmì nìkan rà á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ eyín náà ha ojú sìmẹ́ńtì dídán: rọ́bà á di ilẹ̀ mú, ike líle á kàn máa yọ̀ lọ. Ike tó ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì gbígbẹ, ẹ ro bí yóò ti rí lórí àpáta lẹ́yìn òjò.

Láti ìgbà tí Àmọ̀tẹ́kùn ti dé ní 2020 ni àwọn ọdẹ tó ń béèrè bàtà sójà ti ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ mi. Èyí tí mo máa ń tọ́ka wọn sí nígbà òjò ni irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò nígbà ogun Vietnam: awọ ní ìsàlẹ̀, aṣọ líle lókè, ihò kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi lè máa ṣàn jáde. Àwọn tó ṣe é ti gbà pé omi á wọlé dandan nínú igbó bẹ́ẹ̀, wọ́n wá wá ọ̀nà àbáyọ fún un. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Bàtà Gore-Tex dára nílẹ̀ tó tutù tó sì gbẹ. Nínú ooru òjò tiwa, afẹ́fẹ́ ìta ti kún fún ọ̀rinrin, òógùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè jáde. Omi odò tó bá sì gba ẹnu rẹ̀ wọlé, inú rẹ̀ ni yóò máa gbé.

Bàtà onírin lórí ńkọ́? Àwọn kan ń rà á pé ó le. Irin tó wà ní iwájú wà fún ẹni tí búlọ́ọ̀kù lè já lé lẹ́sẹ̀, kì í ṣe fún ẹni tó ń rìn láti òru mọ́jú. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ìka á máa gbá irin. Ó tún wúwo, ẹrù ẹsẹ̀ kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ẹrù ẹ̀yìn: àwọn tó ti wọn agbára tí ara ń lò fi hàn pé kílò kan lẹ́sẹ̀ ń gba agbára tó ìlọ́po 4 sí 6 ti kílò kan lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ló ń mú mi yin bàtà iṣẹ́: bí ẹ bá rí S3 lára rẹ̀, ó ní pẹlẹbẹ kan nínú sóólù tí ìṣó kò lè tètè gún já. Ẹni tó ń ṣọdẹ ní pápá jíjó lè torí ìyẹn fara da irin náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Nọ́ńbà kì í ṣe ẹsẹ̀. Ìṣísẹ̀ nọ́ńbà kan sí èkejì lára bàtà Yúróòpù jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 6.7, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ nǹkan bíi 8.5, nítorí náà 42 àti 8 kàn sún mọ́ ara wọn ni. Ti Amẹ́ríkà sì sábà máa ń fi ẹyọ kan ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fún ọkùnrin. Ẹ wọn ẹsẹ̀ yín nírọ̀lẹ́, nígbà tó ti wú díẹ̀. Ẹ dúró lórí pépà, kí ẹlòmíràn fi bírò fa ìlà yí i ká, ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì fi èyí tó gùn jù ra bàtà. Ẹ gé pépà náà, ẹ mú un lọ sọ́jà, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú bàtà. Bí etí rẹ̀ bá ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàtà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Títẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni ìṣòro wa gan-an. Ẹni tó rin láìwọ bàtà láti kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ níwájú ju ti òyìnbó lọ, ọ̀pọ̀ bàtà òkè òkun ni wọn kò sì ṣe fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ọdẹ ń ṣe ni pé wọ́n á ra èyí tó gùn jù kó lè fẹ̀ tó. Iwájú á gbà wọ́n, gìgísẹ̀ á wá máa lọ, á máa bọ̀, bàtà náà kò sì ní ká níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ká. Ó sàn kí ẹ wá bàtà tí wọ́n kọ W tàbí EE sí, tàbí kí ẹ jẹ́ kí aránbàtà tó mọṣẹ́, ní Ábá tàbí nítòsí yín, fi ìwọ̀n yín ṣe é.

Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa ń lò nínú igbó lọ dán an wò. Ìbọ̀sẹ̀ òwú kò dára, ó ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Èyí tó ní irun àgùntàn tàbí nylon nínú sàn jù. Kí ẹ tó so okùn, ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú títí ọmọ ìka á fi kan ògiri bàtà: ó yẹ kí ìka ọwọ́ kan lè wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Ẹ wá ti gìgísẹ̀ sẹ́yìn, ẹ so okùn dáadáa, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bí àtàǹpàkò bá fi orí kan iwájú lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ bọ́ ọ. Ó kúrú, kò sì ní gùn sí i.

Ní ti ejò, láti orúnkún sísàlẹ̀ ló ti sábà máa ń ṣán ọdẹ. Paramọ́lẹ̀ kì í sá kúrò lọ́nà. Á dùbúlẹ̀ títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Awọ tó nípọn ń dáàbò bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà olókùn kì í kọjá ìdajì ojúgun. Mo máa ń gé awọ tàbí tapólì líle fún wọn láti so mọ́ ojúgun lókè bàtà. Ó ń dín ewu kù, kò mú un kúrò. Ẹni tí ejò bá ṣán, kí wọ́n má sin ojú ibẹ̀, kí wọ́n má fi okùn dì í pinpin. Kí wọ́n má jẹ́ kó lo ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Bàtà tó bá tutù, ẹ má yá iná sí i. Awọ á gan, á sán. Gọ́ọ̀mù á sì tú. Ẹ fa ìtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀ yọ, ẹ ki pépà sí i, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji. Ẹ fi òrí díẹ̀ pa awọ náà bó bá ti gbẹ, díẹ̀ ni mo wí. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù kí ẹ tó tún wọ̀ ọ́, torí àkéekèé fẹ́ràn inú bàtà. Kí ẹ sì gbé e wá bí eyín sóólù bá ti ń tán, ẹ má dúró dìgbà tó bá jẹ dé inú. Ẹ fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ má sì fi super glue lẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó máa ń gan bí òkúta ni, kò sì ní ká bí bàtà bá ń ká. Híha rẹ̀ kúrò máa ń pẹ́ ju rírán bàtà fúnra rẹ̀ lọ, mo sì máa ń gba owó rẹ̀.