Àìsàn ti lọ, òòyì ṣì wà: ẹ má de orí yín mọ́lẹ̀

Nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ àwa oníṣẹ́ físíò, ìyẹn àwa tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn, nílùú Ìbàdàn, a máa ń rí àwọn kan tó jẹ́ pé òòyì ló gbé wọn wá. Ìròyìn wọn kì í sábà yàtọ̀ síra. Ọ̀fìnkìn tàbí ibà kan mú wọn fún ọjọ́ mélòó kan, ara ti ń yá, àfi bí wọ́n ṣe fẹ́ dìde lórí ibùsùn láàárọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Wọ́n bì títí, wọn ò lè dá dúró, wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, yíyí náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kan, oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣì ń fọwọ́ di ògiri mú kí wọ́n tó dé ilé ìwẹ̀. Bí wọ́n bá yíjú kíákíá láti dá ẹni tó pè wọ́n lóhùn, ilẹ̀ á fẹ́ yẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ọjà Bódìjà tí wọ́n ti ń ná láti kékeré di ibi tí wọ́n ń sá fún, nítorí pé bí èrò ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ni orí wọn ń dà rú.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Àwọn kan nínú ẹbí á ti máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Mi ò bá a jà. Ohun tó ń dùn mí ni ìmọ̀ràn tí tilé toko ń fún aláìsàn náà tìfẹ́tìfẹ́: "Ẹ lọ sinmi. Ẹ má yí orí yín. Ẹ ṣáà dùbúlẹ̀ sójú kan." Ìmọ̀ràn yìí dára fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òun gan-an ló ń jẹ́ kí òòyì náà pẹ́ lára.

Ìdí rẹ̀ rèé. Etí ò wà fún gbígbọ́ ohùn nìkan. Nínú lọ́hùn-ún, ní etí kọ̀ọ̀kan, ihò tóóró mẹ́ta wà tó tẹ̀ kọrọdọ, omi sì wà nínú wọn. Bí orí bá ti yí, omi yìí á sún, iṣan kan á sì gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Etí ọ̀tún ń ròyìn, etí òsì ń ròyìn, ọpọlọ á fi méjèèjì wéra, á sì mọ ibi tí orí kọjú sí. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì, irú kòkòrò àrùn tó ń fa ọ̀fìnkìn, bá mú kí iṣan yìí wú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìròyìn ẹ̀gbẹ́ yẹn á lọ sílẹ̀. Ẹ fojú inú wo àwọn méjì tó jọ gbé pákó lé èjìká, tí ọ̀kan wá jù ú sílẹ̀ lójijì. Bó ṣe ń rí lára aláìsàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn dókítà ń pè é ní vestibular neuritis. Bí etí náà bá tún di, tó ń hó, tí kò gbọ́ dáadáa mọ́, wọ́n lè pè é ní labyrinthitis.

Ní ara àwọn kan, iṣan náà á san pátápátá. Ní ara àwọn mìíràn, kò ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ wọ́n á gbádùn ara wọn, wọ́n á jó lóde àríyá, torí pé ọpọlọ máa ń kọ́ bí yóò ṣe fi ìwọ̀nba ìròyìn tó kù ṣiṣẹ́. Àmọ́ kò lè kọ́ ohun tí kò rí. Àfi kí orí yí, kí ojú ṣe àṣìṣe díẹ̀, kí ọpọlọ rí àṣìṣe náà, kó tó lè tún un ṣe. Ẹni tó bá mú ọrùn rẹ̀ le gan-in bí igi nítorí ìbẹ̀rù òòyì, kò fún ọpọlọ ní iṣẹ́ kankan ṣe. Ọrùn náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Ọ̀rọ̀ oògùn wọ ibí yìí. Stugeron, Stemetil àti Avomine tí ẹ̀ ń rà ní kẹ́míìsì wúlò nígbà tí èébì pọ̀ tí yàrá ń yí, fún ọjọ́ bíi mẹ́ta. Bí ẹ bá wá ń lò wọ́n fún oṣù, ẹ̀ ń pa ìròyìn tí ọpọlọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́, ìwòsàn á sì falẹ̀. Lára àgbàlagbà, lílo Stugeron tàbí Stemetil pẹ́ lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n kí ara sì máa le. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ ṣe máa dáwọ́ rẹ̀ dúró, ẹ má sì fi ìyẹn dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín dúró o. Mo tún fẹ́ kìlọ̀ gidigidi nípa abẹ́rẹ́ gentamicin tí àwọn kan ń gbà káàkiri nítorí ibà tí kò tètè lọ. Abẹ́rẹ́ yìí lè ba ibi tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú etí jẹ́, lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má gbà á láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún yín.

Gbogbo òòyì kọ́ ló jẹ́ irú èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò. Bí òòyì bá bẹ̀rẹ̀ lójijì tí ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, tí ẹ̀ ń rí nǹkan kan ní méjì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára, tí orí ń fọ́ bí kò ṣe fọ́ rí, tàbí tí ẹ kò lè dúró rárá, ẹ má dúró wo bí ilẹ̀ á ṣe mọ́. Ọsibítù ló kàn lójú ẹsẹ̀, torí ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Bí etí kan bá ṣàdédé di, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá dókítà etí lọ. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí ẹ bá yí ara padà lórí ibùsùn nìkan ni yàrá ń yí, tí kì í tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń dúró, òmíràn nìyẹn. Ó lè tẹ̀ lé ti fáírọ́ọ̀sì, ọ̀nà kan sì wà tí dókítà tàbí físíò ń gbà darí orí láti fi wò ó.

Ó yẹ kí n sọ èyí pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ pé físíò ń tọ́jú òòyì. Ìbàdàn yìí kan náà, ní Yunifásítì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ físíò gboyè ní Nàìjíríà ní 1966, síbẹ̀ ẹ̀yìn ríro àti rọpárọsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi mọ̀ wá. Láti bíi 1940 sókè ni dókítà méjì, Cawthorne àti Cooksey, ti ń fi eré ìdárayá ojú, orí àti ara tọ́jú òòyì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò náni lówó púpọ̀. Ṣíṣe é lójoojúmọ́ ni iṣẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ẹ kọ lẹ́tà kan, ẹ jẹ́ ká sọ pé E, gàdàgbà sórí bébà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tí kò ní àwòrán, kó ṣe déédéé ojú yín, kó jìnnà tó ìwọ̀n apá kan. Ẹ jókòó sórí àga. Ẹ tẹjú mọ́ lẹ́tà náà, kí ẹ wá máa yí orí díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń sọ pé rárá, kí ojú má kúrò lára E. Ẹ yára débi tó kù díẹ̀ kí lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ẹ má kọjá ibẹ̀. Ìṣẹ́jú kan tó. Ẹ sinmi, kí ẹ wá ṣe é sókè-sódò. Ìlànà àwọn físíò ní Amẹ́ríkà ni pé ká ṣe irú èyí ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí gbogbo rẹ̀ pé ìṣẹ́jú 12. Fún òòyì tó ti pẹ́, ìṣẹ́jú 20 lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Tí ìjókòó bá rọrùn, ẹ ṣe é ní ìdúró, lẹ́yìn náà kí ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀.

Òòyì máa pọ̀ sí i díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sá, wọ́n rò pé ó ń ba àwọn jẹ́ ni. Bó bá rọlẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ wà lójú ọ̀nà. Bó bá bá yín di wákàtí méjì, mẹ́ta, ẹ dín ìyára rẹ̀ kù lọ́jọ́ kejì, ẹ má pa á tì.

Ẹ máa rìn pẹ̀lú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lórí pápá ilé ìwé kan láàárọ̀, kí ẹ máa wo ọ̀tún wo òsì bí ẹ ti ń rìn. Ìbàdàn jẹ́ ìlú òkè. Ẹni tó ń gbé ní Òkè Àrẹ tàbí lẹ́bàá Mápó kò lè sá fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n kó ní ẹnìkejì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì yẹra fún pákó orí gọ́tà. Fún ọjà, ẹ lọ ní kùtù nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa fi kún un. Bí ẹ bá wọ tákìsí Micra, iwájú ni kí ẹ jókòó sí, kí ẹ wo ọ̀nà jíjìn, kí fóònù wà nínú àpò.

Òkùnkùn ni ọ̀tá tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Ojú, etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ara fi ń dúró déédéé. Bí etí kan bá ti mẹ́hẹ, ojú ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti mú iná lọ. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó dìde lóru, pàápàá bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá wà níta. Sílípáàsì tó ti jẹ tán kò yẹ fún ẹni tí òòyì ń kọ́.

Àwọn Mùsùlùmí máa ń bi wá nípa rúkúù àti sùjúùdù. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè láti kírun lórí ìjókòó, ẹ lò ó ní ọjọ́ tó le. Ẹ kàn má fi ìyẹn ṣe ibùgbé. Títẹ̀ síwájú àti gbígbé orí sókè wà lára ìtọ́jú náà, ẹ máa padà sí i díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kí àgbà. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ bá ní òòyì ń kọ́ òun, ẹ gba ìkíni rẹ̀ ní ìdúró.

Ẹ dá ọkọ̀ wíwà, ọ̀kadà gígùn, àkàsọ̀ àti ẹrù rírù dúró títí ẹ ó fi lè yí orí kíákíá lẹ́ẹ̀kan láìsí pé ojú fò.

Bó bá kọjá oṣù mẹ́ta tí ara ṣì ń mì lọ́pọ̀ ọjọ́, tó ń burú sí i láàárín èrò tàbí níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ padà lọ sí ọsibítù. Ní 2017 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òòyì lágbàáyé tí wọ́n ń pè ní Bárány Society gbé àlàyé jáde nípa irú rẹ̀: iṣan lè ti san, ṣùgbọ́n ọpọlọ ṣì wà lójúfò bí ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá. Aláìsàn náà kò ṣe é mọ̀ọ́mọ̀, kò sì ya wèrè. Eré ìdárayá, ìmọ̀ràn lórí ìbẹ̀rù, àti nígbà mìíràn oògùn tí dókítà bá kọ, ń ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbádùn, àìsùn dáadáa tàbí ọ̀fìnkìn mìíràn lè mú kí òòyì náà tún yọjú fún ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú àwọn àmì ewu tí mo kà sókè, ẹ tún lẹ lẹ́tà yín mọ́ ògiri, kí ẹ padà sí ìṣẹ́jú 12 lóòjọ́.