Ṣé búlúù tí ọmọ yín ń tẹ̀ ni ìwà rere?

Àwọn òbí tó ń wá wọ́ ọmọ wọn jáde ní ṣọ́ọ̀bù géèmù mi ní Lagere, níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Bọ̀ọ̀dá, kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ju ìbọn yínyìn lọ?"

Tó bá jẹ́ géèmù Mass Effect ni, ìbọn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ẹni ọdún 17 sókè ló wà fún, èmi kì í sì í ṣí i fún ọmọdé, ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀. BioWare ní Kánádà ló ṣe é: apá kìíní ní 2007, èkejì ní 2010, ẹ̀kẹta ní 2012. Ohun tí ọmọ bá ṣe nínú ọ̀kan máa ń bá a dé inú èyí tó kàn.

Bí wọ́n bá bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú géèmù náà, òun ló máa yan èsì tó máa fọ̀, èsì náà ló sì máa ń fún un ní máàkì. Máàkì ìwà pẹ̀lẹ́ ni búlúù, ti ẹni tí kò lójú àánú ni pupa. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ka ọ̀rọ̀ mọ́. Òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí èsì pẹ̀lẹ́ máa ń wà, ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáá. Èmi ò pe ìyẹn níwà, máàkì ni wọ́n ń ṣà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn krogan, ìran kan nínú géèmù náà. Jagunjagun ni wọ́n, wọ́n ń bí bí ehoro. Àwọn salarian, ìran àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ló lọ kó wọn wá kí wọ́n lè bá wọn ja ogun tó ti fẹ́ gba gbogbo ayé. Wọ́n ṣẹ́gun. Nígbà tí àwọn krogan wá pọ̀ tán, tí wọ́n ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn salarian kan náà ló po àrùn kan, ìran mìíràn, àwọn turian, sì tú u lé wọn lórí. Láti ọjọ́ náà, nínú oyún 1,000, ọ̀kan péré ló ń yè.

Mordin, salarian tó máa ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, wà lára àwọn tó tún àrùn náà pò nígbà tí ara krogan fẹ́ borí rẹ̀. Ní apá kejì, ó dúró ti òkú obìnrin krogan kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún àyẹ̀wò kí ìran rẹ̀ lè tún máa bímọ. Ibẹ̀ ni ìyá kan bá wa. Ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún 18 tó ń retí èsì JAMB, ló di pádì mú. Ìyá ti lanu láti pariwo, ó sì dákẹ́.

"Ẹni tó dúró yẹn, ṣé òun alára ti bímọ rí?"

Ọmọ dá géèmù dúró. Kò mọ̀.

Nígbà tó yá, ọmọ náà pa àkọsílẹ̀ ìwádìí tí wọ́n fi irú obìnrin yẹn ṣe run, ó ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló wà lọ́rùn ẹ̀. N ò bá a wí. Ìgbà tó dé apá kẹta, obìnrin krogan mìíràn, Eve, tí àkọsílẹ̀ yẹn ì bá gbà là, kú. Inú bí i, ó ní géèmù rẹ́ òun jẹ. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ jókòó tì í. Ẹ má bèèrè ẹni tó borí; ẹ ní kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ìyá yẹn ṣì máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù bó bá ń tọjà bọ̀. "Mordin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti tọrọ àforíjì?" Mo ní ẹ bi ọmọ yín, Mà.