Ibi tí ìpàdé ìrántí bàbá ńlá ti ṣẹ̀ wá

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ẹ ó rí ẹbí Yorùbá tó wọ ankara kan náà ní Kubwa, ní Nyanya tàbí ní Lugbe ní Àbújá, tí wọ́n ń ṣe ìrántí bàbá ńlá tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú rí. Àgbẹ̀ ni bàbá ọ̀hún sábà máa ń jẹ́, olóbìnrin púpọ̀, ọlọ́mọ yọyọ. Àwọn àfáà á ka Yásíìn tàbí kí pásítọ̀ gbàdúrà, akápò á ka owó, wọ́n á sì jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ gbà pé ọ̀làjú ló mú un wá, pé ara ẹgbẹ́ ọmọ ìlú la ti kọ́ ọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é nígbà kan, àwọn obìnrin ilé ló sì ni ín.

Ẹ jẹ́ ká mú Ọ̀fà, torí ibẹ̀ ni tiwa ti wá. Ogun Ìlọrin ti tú ìlú náà ká. Lẹ́yìn tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897 ni ọkàn àwọn tó fẹ́ padà sílé tó balẹ̀. Ilẹ̀ wà, ọwọ́ tí yóò ro ó ni kò tó. Àáró wà, ọ̀wẹ̀ wà, àna a sì máa wá ro oko bàbá ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ebè iṣu lọ súà, ọmọ tirẹ̀ ni yóò kó lẹ́yìn. Ọmọkùnrin á wà lóko bàbá rẹ̀ láti òwúrọ̀, ìgbà tí oòrùn bá rọ̀ ni yóò tó yà sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Bàbá náà kò gbọdọ̀ jẹ òógùn rẹ̀ gbé: òun ni yóò fẹ́ ìyàwó àkọ́fẹ́ fún un. Bí agboolé ṣe ń kún nìyẹn. Ìyàwó bàbá, ìyàwó àbúrò bàbá, ìyàwó ọmọ, ojú àgbàlá kan náà ni gbogbo wọn ń gbá.

Ọmọ kì í sì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Bàbá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é, débi pé ọmọ ọmọ rẹ̀ lè dàgbà láìmọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé lórúkọ, títí kan ọmọ jòjòló tí wọ́n bí kí òun tó wọlé. Oríkì wọn ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Lẹ́nu àwọn ìyálé ni yóò ti kọ́ ti ọkọ rẹ̀, ti bàbá ọkọ, ti àwọn tó ti kú. Bó bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, "Ìyẹ̀rú Ọkín, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀" ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò dé orí ìjàkadì tó jẹ́ orò Ọ̀fà, kó tó wá kan ohun tí bàbá ilé yìí nìkan ṣe: ẹgàn tó là, ẹni tó bá ṣẹjọ́, àti ìwàǹwára rẹ̀ pàápàá. (Oríkì kì í fi àléébù pamọ́. Ìwé ètò tí à ń tẹ̀ lónìí ló sọ gbogbo òkú di ẹni mímọ́.)

Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn. Inú ilé ni wọ́n ń sin bàbá sí, ojú oórì rẹ̀ sì ni wọn ti ń bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ lé nǹkan ńlá. Níbi tí ẹ̀sìn bá ti gbà á, egúngún ilé á jáde lọ́dún. Àmọ́ èyí tó ń wọ ọmọdé létí láràárọ̀, ẹnu ìyàwó ló ti ń jáde. Àwọn tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ bàbá yìí ni kò jẹ́ kó pa rẹ́.

Rélùwéè ló tú ohùn náà ká. Ó wọ Ọ̀fà ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909, kí 1912 tó parí, ojú irin ti so ìhà ọ̀dọ̀ wa pọ̀ mọ́ Kánò. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ gbé igbá obì àti ìdì aṣọ, wọ́n tẹ̀dó sí Sabon Gari ní Kánò, sí Sáríà, sí Jọ́ọ̀sì, sí Kàdúná. Yàrá kan, ìyàwó kan, alájọgbé tó ń sọ èdè mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ta ni yóò kọ́ ìyàwó tuntun lóríkì níbẹ̀? Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ gbọ́ Haúsá já geere, kò sì mọ ohun tí ìyá bàbá rẹ̀ máa ń ké lójú àgbàlá. Bí bàbá bá kú lóko, kí ìròyìn tó kàn wọ́n, wọ́n ti sin ín. Fídáù ọjọ́ kẹjọ àti ti ogójì ọjọ́ ni ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè bá. Ohun tó sọ ìrántí di àdéhùn nìyẹn, lójú tèmi: ọjọ́ tí gbogbo wọn mọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n lè fi owó ọkọ̀ pamọ́ dè. Láti ibẹ̀ ló ti di sàárà ọdọọdún. Àwọn onígbàgbọ́ sọ tiwọn di ìsìn ìdúpẹ́ lásìkò Kérésìmesì.

Ti Àbújá kò gùn. Òfin tó dá olú-ìlú sílẹ̀ jáde ní oṣù kejì 1976, ìjọba kó wá pátápátá ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì bá a wá. Níbi tí ọmọ bá pọ̀ sí ni ìpàdé ń lọ. Ẹ̀rù ajínigbé lójú ọ̀nà tún wá fi kún un.

Ohun tó ta mí jí ni bí wọ́n ṣe ń dáwó. A kì í bu owó lé olúkúlùkù. Ìdí kọ̀ọ̀kan la ń bù ú lé, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìyá kan náà ni yóò jọ san ìpín kan. Ìdí tó kún fọ́fọ́ àti ìdí tó ku ènìyàn mẹ́rin, iye kan náà ni. Ariwo kì í tán lórí ẹ̀, mi ò sì dá àwọn tó kéré níye lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìlànà ogún la fi ń dáwó. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ìyẹn ogún ọkùnrin ará Èkó kan tó fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyá mẹ́rin bí sílẹ̀, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí igi, ìyẹn pípín ogún ní iye ìyá, ni àṣà Yorùbá, ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí. Mùsùlùmí a máa pín ogún tirẹ̀ bí Kùránì ṣe là á sílẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹbí tó ń pín ogún bẹ́ẹ̀ pàápàá ṣì ń fi ìdí dáwó ìrántí.

Síbẹ̀, ẹ ṣí ìwé ètò wa wò. Orúkọ bàbá wà níwájú gàdàgbà, àwòrán ọmọkùnrin rẹ̀ tó di ọ̀gá níṣẹ́ ìjọba wà lẹ́yìn, "àti àwọn ìyàwó rẹ̀" ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa àwọn tó gbé oríkì rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. A ti jà á ní ìpàdé tó kọjá. Àwọn bọ̀dá wa tó àgbà ní kí ló burú nínú ẹ̀, bàbá la wá rántí. Àǹtí kan láti ìdí kẹta dìde, ó ní òun ò ní san kọ́bọ̀ fún ìwé tí orúkọ ìyá àwọn kò sí nínú ẹ̀, àwọn ìdí yòókù sì gbè é lẹ́sẹ̀. A fẹnu kò sí i pé kí ìdí kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ìyá wọn àti oríkì rẹ̀ wá kí a tó tẹ ti ọdún yìí. Ìdí méjì ti mú tiwọn wá.