Tábìlì aró tó di ẹfun: kí ni sáńpépà ṣe fún un?

Ọ̀kun o, ará ilé. Fídíò kan ló ń káàkiri lórí WhatsApp láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, káfíńtà kan ní Kàbà da epoxy aláwọ̀ aró (oje tí wọ́n ń po mọ́ hádínà, ohun tó ń mú un le bíi dígí) sáàárín pákó ìrókò méjì, ó ń dán gbinrin, ló bá gbé sáńpépà lé e, gbogbo ẹ̀ funfun bí ẹni da ẹ̀kọ sí i. Ìbéèrè yín pọ̀, ó yá.

Ṣé àwọ̀ yẹn ti bàjẹ́ ni?
Rárá.

Kí ló wá sọ ọ́ di funfun?
Sáńpépà ló ha á. Gbogbo ibi tó ha ló di ojú ọgbẹ́ tín-tìn-tín, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọnú ẹ̀ lọ wá ń fọ́n ká lójú ẹ̀, òun lẹ ń rí bíi funfun yẹn. Tẹ́ ẹ bá rò pé mò ń parọ́, ẹ fi ìka bọ omi kẹ́ ẹ fi ra ibi tó funfun, aró á yọ lójú ẹsẹ̀, tómi bá gbẹ á tún funfun. Omi ló dí ojú ọgbẹ́ yẹn fúngbà díẹ̀.

Báwo ló ṣe máa padà dán?
Ẹ má fo nọ́ńbà ẹ̀yìn sáńpépà (bó ṣe ń ga ló ń kúnná), ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 120, ẹ lọ sí 220, 320, 400, 600, 800, 1000, 1500, títí dé 2000, kẹ́ ẹ wá fi kọ́ḿpáùn táwọn tó ń kun mọ́tò ń lò pa á lára. Nọ́ńbà tuntun ò ní iṣẹ́ méjì ju kó pa ojú ọgbẹ́ nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ́ lọ, torí náà ẹ fi pẹ́ńsù fa ilà gbọọrọ káàkiri ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tílà ò bá tíì pa rẹ́ tán, ẹ ò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó fo láti 120 sí 600 á pa á lára títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú ọgbẹ́ 120 á ṣì máa wò ó níran. Ẹ nù ún dáadáa láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì, ẹyọ yanrìn 120 kan tó ṣẹ́ kù lè ba iṣẹ́ ọjọ́ méjì jẹ́. Láti 400, ẹ máa fi omi ọlọ́ṣẹ díẹ̀ ha á, kì í jẹ́ kó gbóná, kì í sì jẹ́ kí eruku fò. Ọwọ́ lásán tó o, ẹ ò nílò iná NEPA, ó ṣẹlẹ̀ pé ìyẹn bá wa lára mu. Àmọ́ pákó máa ń mumi, á sì wú, ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì dí i.

Sáńpépà mi ń dì mọ́ ọn ńkọ́?
Ó ṣeé ṣe kó máà tíì gbẹ dénú, tàbí kí maṣíìnì yín ti mú un gbóná jù. Ọ̀pọ̀ epoxy ń fẹ́ ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó ṣeé ha, ẹ ka ara agolo. Tọ́ṣùnwọ̀n hádínà bá ti ṣì, ẹ má dúró, ó lè máà gbẹ dáadáa láé. Lásìkò òjò, nǹkan bí òrí tún máa ń bò ó lójú, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí sáńpépà tó kàn án.

Ṣé ó léwu?
Eruku ẹ̀ ò dáa lẹ́dọ̀fóró, ẹ lo ìbòmú N95, áńkáṣíìfù ò lè dá a dúró. Èyí tí ò tíì gbẹ ló le jù, tó bá kan ara, ọṣẹ àtomi ni, kì í ṣe tínà. Ara tó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà gbà á mọ́.

Ṣé a lè gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná lé e?
Ẹ má dán an wò. Púpọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí 60°C, ọbẹ̀ iyán ọjọ́ Àìkú sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá nǹkan tẹ́ sábẹ́ ẹ̀, àbí kẹ́ ẹ padà sórí tábìlì pákó ti màmá.