Emotet: fáírọ́ọ̀sì tó ń ṣílẹ̀kùn fún fáírọ́ọ̀sì mìíràn

Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n wọlé, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún olè tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Loader ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè wọ́n. Emotet ló lókìkí jù nínú wọn.

Lọ́dún 2014 tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, owó àwọn oníbàárà báńkì ní Jámánì àti Austria ló ń lépa. Nígbà tó yá, àwọn tó ni ín rí i pé ọ̀nà àbáwọlé gan-an jẹ́ ọjà títà. Wọ́n wá ń fi kọ̀ǹpútà tí Emotet bá ti wọ̀ háyà fún àwọn ọ̀daràn mìíràn.

Ímeèlì ló máa ń bá wọlé, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n burúkú rẹ̀ wà. Á jí ímeèlì inú kọ̀ǹpútà tó ti kó, á sì fèsì sínú ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti ẹnì kan ti jọ ń bá bọ̀. Orúkọ ẹni tó o mọ̀ ló wà lókè, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti sọ síra yín ló wà nísàlẹ̀, ta ló máa fura? Fáìlì Word kan á bá a wá, bí ìwé owó ọjà. Tó o bá ṣí i, á ní kó o tẹ Enable Content kó o tó lè rí i kà. Irọ́ gbuu! Bó o ṣe tẹ̀ ẹ́ ni macro, ìyẹn àwọn àṣẹ tó sá pamọ́ sínú fáìlì náà, máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Macro á pe PowerShell, irinṣẹ́ tó ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀, òun náà á sì lọ fa Emotet wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà nínú ímeèlì yẹn kì í ṣe Emotet rárá, àṣẹ “lọ gbé e wá” lásán ni. Abájọ tí antivirus, ìyẹn áàpù tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, fi ń jẹ́ kó kọjá nígbà míì.

Tó bá ti wọlé, á kọ ara rẹ̀ sínú registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ pa mọ́ sí, kó lè máa jí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, á wá máa retí àṣẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, TrickBot ló máa ń fà wọlé, èyí tó ń jí páásíwọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni Ryuk á dé, á ti gbogbo fáìlì pa, á sì béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní September 2019, Emotet wọ Kammergericht, ilé ẹjọ́ ńlá kan ní Berlin. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò dámọ̀ràn pé kí wọ́n tún gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kọ́ látìpilẹ̀.

Ní January 2021, ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mẹ́jọ gba sáfà Emotet, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un, lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e dùn mọ́ mi gan-an: ọ̀nà tí Emotet ń gbà fa nǹkan wọlé làwọn ọlọ́pàá Jámánì gbà fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí gbogbo kọ̀ǹpútà tí Emotet wà nínú rẹ̀, fáìlì náà sì yọ Emotet kúrò ní April 25, 2021. Àmọ́ Emotet nìkan ló yọ. Ohun tí Emotet ti kó wọlé ṣáájú ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó di November ọdún yẹn kan náà, TrickBot, tí Emotet ti ń gbé kiri tẹ́lẹ̀, ló wá ń fa Emotet tuntun padà sínú kọ̀ǹpútà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ní antivirus ti pa loader kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Já kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lára àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọ́fíìsì, torí Emotet máa ń gba àárín wọn tàn kálẹ̀. Kó àwọn ìwé àti fọ́tò rẹ pamọ́, má kó áàpù kankan mọ́ ọn, kó o wá nu gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà kúrò, kó o sì tún Windows fi sí i látìbẹ̀rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kó o ti yí páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì àti ti báńkì padà. Sọ fún àwọn tó o máa ń kọ ímeèlì sí pẹ̀lú, kí wọ́n má ṣe ṣí fáìlì tó bá dé lórúkọ rẹ.

Láti ọdún 2022, Microsoft ti ń dí macro inú fáìlì tó bá wá látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Kíá làwọn ọ̀daràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì OneNote, ìyẹn áàpù ìkọ̀wé Microsoft mìíràn, ránṣẹ́ dípò Word.